Ohùn Àwọn Ìyá Ìpàta Tí A Fẹ́rẹ̀ẹ́ Má Gbọ́

Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń kà á, tí ẹ ò gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ lórí ètò náà gan-an nìyí. Mo kàn yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò ni, àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Kò sí àlejò lónìí. Èmi nìkan ni, torí pé àṣìṣe wa ni mo fẹ́ sọ, kò sì yẹ kí n pe ọmọ ọlọ́mọ wá jókòó tì mí kó máa bá mi jẹ́wọ́.

Ẹ ó rántí pé a bẹ̀ yín nígbà kan pé kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ìbéèrè kan péré la bi yín: ṣé ẹ ti tajà rí, tí ẹni tó rà á sọ pé òun ti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, tí owó ò sì wọlé? A ní kí àwọn ará Ìpàta kọ́kọ́ dáhùn. Yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ ò jìnnà sí ọjà náà. Ibẹ̀ la ti ń ra ata, ibẹ̀ la ti ń ra ẹran, àríwo ibẹ̀ náà ló sì máa ń wọnú ètò wa tí a bá gbàgbé láti ti fèrèsé.

Fún ẹni tí kò bá mọ Ìpàta: ọjà ata àti ẹran ni, nínú ìlú Ìlọrin níbí. Àpẹ̀rẹ̀ tòmátò, tàtàṣé, ata rodo, àpò àlùbọ́sà. Ọwọ́ kan ń bu ata, ọwọ́ kejì ń gba owó, èèyàn mẹ́rin ti dúró lẹ́yìn rẹ tí wọ́n ń sọ pé kí o yára. Nírú ibẹ̀ yẹn, ta ló ráyè dúró kí alert wọlé?

Tẹ́lẹ̀, owó ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó yí i padà, gbogbo wa la jọ jìyà ẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n ní títí ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023 ni kí á fi ná ti àtijọ́, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Tuntun ò délẹ̀, àtijọ́ ò ṣeé ná. Èèyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ìgbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a pé kí ti àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nínáa títí di ìparí ọdún náà. Àmọ́ kí ẹjọ́ tó délẹ̀, àwọn tí kò gba transfer rí láyé wọn ti ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí, wọ́n ti gbé e kọ́ sókè ìsọ̀. Owó padà sígboro, páálí náà ò kúrò mọ́. Ibẹ̀ làwọn olè náà sì ti rí ọ̀nà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ yín wọlé, ẹ ṣeun. Ó lé ní igba. A kó gbogbo ẹ̀ sínú Google Sheets, ìlà kan fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan. A yọ nọ́ńbà fóònù yín kúrò kó tó di pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí kà á, a fún kálukú ní nọ́ńbà tiwa dípò. (Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé screenshot ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri, ẹ rọra.) Lẹ́yìn náà la ya kọ́lọ́ọ̀mù: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ń tà, ọkùnrin tàbí obìnrin, èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, irú ìṣòro tó jẹ́, àti ọ̀rọ̀ ẹni náà gan-an. Àwa mẹ́ta la pín in kà, tí a ń fi àmì sí i. Tí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé òun ta itan ẹran fún ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìpàta, pé ọ̀gbẹ́ni náà fi rìsíìtì hàn òun lórí fóònù, àmọ́ títí dòní òun ò rí kọ́bọ̀, a ó kọ "Ìpàta" sí kọ́lọ́ọ̀mù ibi, a ó kọ "ẹran" sí ti ọjà, a ó sì kọ "ayédèrú" sí ti ìṣòro. Ayédèrú alert, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fake alert.

Kí nìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí? Torí pé kò sí ẹni tó lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ igba lẹ́ẹ̀kan náà kó sọ ohun tó wà nínú wọn. Tí àmì bá ti wà lára wọn, ẹ ó kàn tẹ fíltà ni, ẹ ó ní: fi àwọn tó jẹ́ Ìpàta nìkan hàn mí, kí ó jẹ́ pé ayédèrú ni ìṣòro wọn. Ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti kó wọn jáde.

Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì rí? Asẹ́ ò mọ ohun tó dáa yàtọ̀ sí ohun tí kò dáa. Ojú ara ẹ̀ ló mọ̀. Ohun tó bá gba ojú ẹ̀ kọjá la ó pè ní ògì, ohun tó bá ṣẹ́ kù sókè, a ó pè é ní èèrí. Bí fíltà ṣe rí nìyẹn. Kò ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín o. Àmì tí èèyàn kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń kà. Èmi mọ èyí dáadáa, mo máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì pàápàá. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo tẹ fíltà: Ìpàta, ayédèrú. Àwọn tó jáde, ọkùnrin ló pọ̀ jù. Alápatà, oníṣu, àwọn tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù. Obìnrin inú wọn ò pọ̀ rárá. Mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni. Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ń ṣe ètò: tí o bá ti rí nǹkan tó yani lẹ́nu báyìí, o ti rí ìsọdá ètò rẹ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí mo máa sọ. Mo kọ ọ́ pé àwọn ìyá aláta Ìpàta ò fọkàn tán fóònù, pé owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà, pé ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bọ́. Mo kọ gbólóhùn kan níbẹ̀ tó dùn débi pé mo kà á sókè fún ara mi. Mi ò ní kà á fún yín.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ata.

Alhaja kan wà níbẹ̀ tí a máa ń rà lọ́wọ́ wọn. Mo kí wọn, mo ní ẹ kú ọjà o, Alhaja. Wọ́n ní, "O ò kú o, ọmọ mi. Ẹ̀yin ọmọ rédíò." Mo ti ṣàlàyé títí fún wọn pé kì í ṣe rédíò, ó ti sú mi. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo bá yín sọ?"

Mo ní, "Èwo nìyẹn, Alhaja?"

"Èyí tí mo sọ sínú fóònù. Ọmọ ọmọ mi ló bá mi dì í mú. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó ní ó ti lọ."

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tún un sọ fún mi. Wọ́n ń di ata mi lọ, wọ́n ń sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan wá, ó múra dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí wọn pàápàá. Ó ní òun ń ra tòmátò fún ìnáwó kan, ó fẹ́ àpẹ̀rẹ̀ méjì. Ó tẹ fóònù ẹ̀, ó fi ojú ẹ̀ hàn wọ́n. Kò pẹ́, fóònù tiwọn náà dún. Wọn ò mọ ìwé kà, wọ́n pe ẹni tó wà nísọ̀ kejì kó wá bá wọn kà á. Onítọ̀hún kà á, ó ní owó ti wọlé, orúkọ báńkì wà lókè ẹ̀. Wọ́n gbé tòmátò fún ọmọkùnrin yẹn, wọ́n tún ṣàdúrà fún un. Nírọ̀lẹ́, wọ́n lọ sọ́dọ̀ oní-POS láti gba owó, oní-POS ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Ọjà àwìn ni," ni Alhaja wí. "Ẹni tó gbé e wá láti òkè ọya ń retí owó ẹ̀. Ṣé mo lè ní owó wà nínú fóònù ni?"

Mo padà sókè láì gba ṣénjì.

Mo ṣí Sheets náà. Mo wá voice note Alhaja, mo rí i. Ó wà níbẹ̀, ní ìlà tiẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a fún un. Àmọ́ kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ ṣófo, torí pé ohùn ni, ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ọ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí kò sì sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń fi àmì sí i fò ó kọjá, ó ní òun máa padà wá. Kọ́lọ́ọ̀mù ìṣòro ṣófo. Fíltà tí mo tẹ̀ ní "ayédèrú" ni òun ń wá, òfìfo kì í ṣe ayédèrú, ó yọ wọ́n dànù. Ohun tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé tí ẹ bá ṣí fíltà nínú Google Sheets, á to gbogbo ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù náà síbẹ̀ fún yín, ọ̀kan nínú wọn á sì máa jẹ́ "(Blanks)". Òfìfo nìyẹn. Ó wà níbẹ̀ níwájú mi. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ àmì kúrò lára ẹ̀, torí pé mo rò pé ìdọ̀tí ni.

Mo dá fíltà náà délẹ̀, mo ní kó fi òfìfo nìkan hàn mí. Nǹkan bí ogójì ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé voice note ni gbogbo wọn, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn àgbà. Ẹ ò rí i? Ẹni tó bá lè tẹ̀wé lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ kíá. Ẹni tí kò lè tẹ̀ ẹ́, ohùn ló máa fi ránṣẹ́, ohùn sì gba àkókò. Voice note ìṣẹ́jú mẹ́ta lè gba ogún ìṣẹ́jú kí èèyàn tó kọ ọ́ tán. A gbìyànjú àápù kan tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀, àmọ́ nígbà tó gbọ́ Yorùbá Ìlọrin tó ní Haúsá díẹ̀ nínú, pẹ̀lú àríwo ọjà lẹ́yìn ẹ̀, ohun tó sọ tàtàṣé dà, mi ò lè kà á síta lórí ètò yìí. Àwa la ní láti jókòó gbọ́ ọ. A ò jókòó.

Èyí ni mo ní lọ́kàn tí mo fi ní kí n dá ọ̀rọ̀ yìí sọ. Àyè tó ṣófo ò túmọ̀ sí "rárá". Ó lè jẹ́ pé a ò bi ẹni náà. Ó lè jẹ́ pé a bi í, kò fẹ́ sọ. Ó lè jẹ́ pé ó sọ ọ́, àwa ni a ò tíì gbọ́. Lójú fíltà, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní báyìí, a ò gba òfìfo láàyè mọ́ nínú Sheets wa. Tí a ò bá tíì gbọ́ ọ, a ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "a ò tíì gbọ́". Tí ẹni náà ò bá sọ, "kò sọ". Ẹni tó bá wá tẹ fíltà lẹ́yìn náà á rí "a ò tíì gbọ́" ogójì níwájú ẹ̀, ojú á sì tì í kó tó sọ pé òun ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìpàta.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ bá irú ẹ̀ pàdé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní orílẹ̀-èdè Haiti lọ́jọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n ṣí nọ́ńbà kan, 4636, pé kí àwọn èèyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n nílò. Kreyòl ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá ṣèrànwọ́ láti òkè òkun ò gbọ́ Kreyòl. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀ ni, òfìfo ni gbogbo ẹ̀ ì bá jẹ́ lójú wọn. Àwọn ọmọ Haiti tó wà káàkiri ayé ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi àmì sí i: omi ni, ìtọ́jú ni, ẹni tó há sábẹ́ ilé ni, àdúgbò báyìí ni. Ẹni tó bá dàgbà ládùúgbò kan mọ orúkọ tí wọ́n ń pe òpópónà ibẹ̀, kódà tí kò bá sí lórí máàpù. Èèyàn ló ṣe iṣẹ́ yẹn kí ẹ̀rọ tó rí nǹkan tó máa sẹ́.

Àṣìṣe kejì ni ti àmì fúnra ẹ̀. Kí á tó bẹ̀rẹ̀, àmì kan ṣoṣo la ní fún gbogbo ẹni tí owó ẹ̀ ò wọlé: "ìṣòro alert". Ó rọrùn, a tètè ń parí ẹ̀. Àfi ìgbà tí mo ka ti ọmọ yunifásítì kan. Ó ra ẹran, ó fi owó ránṣẹ́ lóòótọ́, wọ́n yọ ọ́ nínú àkáǹtì tiẹ̀, àmọ́ kò wọlé sọ́dọ̀ alápatà. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n pe èrò lé e lórí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran láti ọ̀sán títí dìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń kọjá ń wò ó bí olè. Owó náà wọlé lẹ́yìn ìṣhà. Ẹ mọ ibi tí a kọ ọ́ sí? Ìdí kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin tó gbé tòmátò Alhaja lọ. Tí mo bá jáde sọ pé iye báyìí ni wọ́n fi ìṣòro alert jà lólè ní Ìpàta, ọmọ yẹn á wà lára àwọn olè nínú iye tí mo sọ.

A ya á sí mẹ́ta wàyí: ayédèrú, ó pẹ́ kó tó wọlé, wọ́n yọ owó, kò dé, wọ́n sì dá a padà. A tún fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún un fún session ID. Transfer gidi láti báńkì kan sí òmíràn máa ń ní nọ́ńbà gígùn kan, ọgbọ̀n nọ́ńbà ni, òun ni báńkì fi ń tọpa owó tó bá sọnù lọ́nà. Olè lè kọ nọ́ńbà tó bá wù ú sórí rìsíìtì o, nítorí náà kì í ṣe ojú lẹ ó fi wò ó. Ẹ gbé e fún báńkì yín. Àti pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní orúkọ báńkì lókè kì í ṣe owó. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín, nínú àápù tàbí pẹ̀lú kóòdù tí ẹ máa ń tẹ̀ lórí fóònù kékeré. Mo ti kọ́ Alhaja ní ti kóòdù. Ọmọ ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan máa ní, kí ló wá le nínú ká fi àmì sí nǹkan? Ẹ gbọ́ èyí. Ẹnì kan kọ̀wé sí wa, ó sọ pé oníbàárà kan padà wá, ó wá san owó tó kù. Ó parí ẹ̀ báyìí: "Ọlọ́run á san án fún un." Ẹlòmíì ní wọ́n gbé ọjà òun lọ, òun ò mọ ẹni tó gbé e. Òun náà parí ẹ̀: "Ọlọ́run á san án fún un." Gbólóhùn kan náà, lẹ́tà kan náà. Ìkan jẹ́ àdúrà, ìkan jẹ́ èpè. A ní kọ́lọ́ọ̀mù fún inú dídùn àti inú bíbí, ọ̀kan nínú wa sì fi "inú dídùn" sí méjèèjì, nítorí pé ó kà á kíá. Ẹ má jẹ́ kí n dé orí àwọn tó kọ "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin báńkì wa." Ọmọ Yorùbá wo ló máa ka ìyẹn kó rò pé wọ́n ń yìn wọ́n?

Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yìí lọ́nà tó tóbi mọ̀ pé ó le. Lọ́dún 2022, Shamsuddeen Hassan Muhammad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní NaijaSenti. Ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ sórí Twitter ni wọ́n kó jọ, nǹkan bí 30,000 ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ní Haúsá àti Ìgbò, àti nǹkan bí 14,000 ní Pidgin, wọ́n sì fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá inú ẹni tó kọ ọ́ dùn ni, bóyá inú ń bí i ni, tàbí bóyá kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Ohun tí mo jí lára ọgbọ́n wọn ni pé kì í ṣe ẹnì kan ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹni mẹ́ta tó gbọ́ èdè náà láti kékeré ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ di AfriSenti, èdè Áfíríkà mẹ́rìnlá, ó lé ní 110,000. Àwa ò ní agbára yẹn. Àmọ́ a lè ní kí ẹni méjì ka ọ̀kan, kí ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì dá sí i níbi tí wọn ò bá ti gbà fún ara wọn. Ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìjà tó ti ṣẹlẹ̀ nínú yàrá wa lórí "Ọlọ́run á san án" kì í ṣe kékeré.

Díẹ̀ lórí bí a ṣe ń kọ nǹkan, kí n tó jẹ́ kí ẹ lọ. Nígbà tí mo ṣí àkójọ ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù ibi, mo rí Ìpàta, mo rí Ipata, mo rí ọjà Ìpàta, mo rí "ipata mkt". Ibì kan náà ni. Fíltà ò mọ̀. Tí mo bá mú "Ìpàta" nìkan, mo ti fi èyí tó kù sílẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni "ẹran". Ó hàn lẹ́ẹ̀méjì nínú àkójọ, méjèèjì jọra bí ìbejì. Mo bi ẹnìkejì mi, ó ní ọ̀nà kan náà ni òun fi kọ ọ́. A wá sún un tóbi lójú kọ̀ǹpútà: àmì abẹ́ ẹ tèmi jẹ́ tóótó kékeré, tiẹ̀ jẹ́ ìlà kékeré tó dúró. Kíbọ́ọ̀dù wa yàtọ̀ síra. Kódà tí ẹ bá jọ lo tóótó, lẹ́tà bíi ẹ́ yìí, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà to ó jọ. Ó lè mú ẹ tó ti ní àmì lábẹ́, kó gbé ohùn lé e lórí. Ó lè mú é tó ti ní ohùn lórí, kó fi tóótó sí i lábẹ́. Ó lè mú e lásán kó fi méjèèjì kún un. Tí irinṣẹ́ tí ẹ ń lò ò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rí. Àwọn kan á ní ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi í fi àmì sórí Yorùbá. Mi ò gbà. Ohun tí a ṣe ni pé a ò tẹ àmì mọ́. A ṣe àkójọ sínú Sheets, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á kàn mú un nínú ẹ̀ ni. "Ìpàta" kan ló wà níbẹ̀, "ẹran" kan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí wa, a ò fọwọ́ kàn án, bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló wà ní kọ́lọ́ọ̀mù tiẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi gbọ́ àwọn ohùn náà. A gba ètò tí mo ti kọ dànù, pẹ̀lú gbólóhùn dídùn inú ẹ̀. Nígbà tí a tún tẹ fíltà, Ìpàta, ayédèrú, àwọn obìnrin tó jáde ju ọkùnrin lọ. Àwọn aláta gan-an ni. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ì bá ti jáde lọ́sẹ̀ yẹn, kí àwọn ọmọ wọn sì gbọ́ ọ níbi tí ìyá wọn ti ń san gbèsè, pé àwọn ìyá aláta ti bọ́.

Ètò náà gan-an ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ohùn wọn ló máa wà níbẹ̀, a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta ṣì wà nínú Sheets tí àmì wọn jẹ́ "a ò tíì gbọ́". Ẹ̀rọ alápatà tó ń gé egungun ló bo ọ̀kan mọ́lẹ̀, òjò bo ọ̀kan, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ìyá kan tó sunkún títí tí ohùn náà fi parí. Mo ti fi iṣẹ́ rán sí wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa gbé máíkì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn nísọ̀, kí wọ́n tún un sọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìpàta, tí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi dá ọkọ̀ alápatà dúró díẹ̀.